Kápẹ́ńtà Tó Gbé Àwòrán Kọ́ Sódì

Orí àkàbà ni Agnes ti kọ́kọ́ rí i, ìṣó mẹ́ta láàárín ètè, lẹ́búlẹ́bú igi kún irùngbọ̀n rẹ̀, ó ń gbé àwòrán Jésù kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì wọn tuntun ní Ìjẹ̀gùn.

"Bọ̀dá, ẹ rọra o! Ẹ ti fọwọ́ bò ó lójú."

Ó yọ ìṣó lẹ́nu. "Ẹ má bínú, àǹtí. Mọ́ṣúdù ni wọ́n ń pè mí. Ṣé ojú tiyín ni kí n máa wò?"

"Iṣẹ́ yín ni kẹ́ ẹ máa wò, jàre!"

Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni, ọmọ Ọ̀yọ́ yìí fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe é. Agnes náà ń wá gbá ilẹ̀ tó ti mọ́. Kí àwòrán kẹrìnlá tó dórí ògiri, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ti wọ àárín wọn, ó kù kí wọ́n sọ fún bàbá.

Bàbá Babárìndé, bàbá Agnes, ló ti ń darí Ọ̀nà Àgbélébùú láti ogún ọdún, àdúrà níwájú àwòrán mẹ́rìnlá tó sọ ìrìn Jésù láti ìdájọ́ dé ibojì. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì Lẹ́ńtì, ìjọ á tẹ̀ lé e láti àwòrán dé àwòrán, wọn á kúnlẹ̀, wọn á gbàdúrà. Agnes nìkan ló mọ̀ pé ojú bàbá ti ń lọ, pé orí ló fi mọ gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì àkọ́kọ́, bàbá dúró lápá òsì, bó ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́. "Ibùdúró kìn-ín-ní: wọ́n dá Jésù lẹ́bi ikú."

Ìyá kan ké lẹ́yìn pé, "Bàbá, wọ́n ti ń sin ín níbí o!"

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá tẹjú mọ́ ògiri, kò rí nǹkan kan. Ẹ̀rín náà dá wáí. Gbogbo wọn ti mọ̀ pé kò ríran mọ́, ìyẹn ló burú jù.

Agnes gba ṣọ́ọ̀bù Mọ́ṣúdù lọ ní Ìkòtún. "Kí ló dé tó o bẹ̀rẹ̀ lápá ọ̀tún? Gbogbo ìjọ ti mọ̀ báyìí pé bàbá kò ríran mọ́!"

"Ṣebí apá ọ̀tún la ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwé nílé kéwú. Ìwọ tó o wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin ńkọ́?"

Inú túbọ̀ bí Agnes, nítorí kì í ṣe àwòrán ló ń wò lọ́jọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà. "Ṣé ilé kéwú ni ṣọ́ọ̀ṣì? Mo sọ̀rọ̀ rẹ fún bàbá. Wọ́n ní ẹni tó dójú ti àwọn kò ní fẹ́ ọmọ àwọn. Mo fẹ́ràn rẹ, Mọ́ṣúdù, o wá ń ba tèmi jẹ́!"

Ohun tí bàbá kò sọ ni pé ẹ̀rù ń bà á. Bí Agnes bá lọ sílé ọkọ, ta ni yóò di ọwọ́ òun mú?

Mọ́ṣúdù gbọn lẹ́búlẹ́bú igi kúrò lọ́wọ́. "Báwo ni bàbá ṣe ń mọ ibi tí wọ́n á dúró?"

"Wọ́n máa ń fọwọ́ tọ ògiri. Èwo ni tìẹ níbẹ̀?"

"Máa lọ sílé."

"O ò tiẹ̀ bẹ̀ mí!" Ó pòṣé títí ó fi délé.

Lọ́jọ́ Ẹtì kejì, ẹ̀bẹ̀ ni Agnes fi mú bàbá jáde. Ó dì í lọ́wọ́ mú dé apá òsì, níbi tí àwòrán kìn-ín-ní ti wà báyìí. Bàbá fọwọ́ kan etí férémù, ó bá ojú ọ̀bẹ kan tí wọ́n gé sára igi rẹ̀. Níbi kejì, méjì. Níbi kẹta, mẹ́ta. Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Nígbà tó dé ìkẹfà, ó jọ̀wọ́ ọwọ́ Agnes, ó ń dá lọ. Níbi ìkẹrìnlá, ó ka gbogbo rẹ̀ pé, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ta ló gé èyí?"

Mọ́ṣúdù dìde lẹ́nu ọ̀nà, fìlà jímọ́ọ̀ ṣì wà lórí rẹ̀. "Èmi ni, Bàbá. Ẹ dárí jì mí."

"Ọ̀rọ̀ rẹ ti sú mi. Agnes kò jẹ́ kí n sinmi! Lọ kó àwọn ẹbí rẹ wá. Máa kírun rẹ, kóun náà máa wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. A ó tọrọ ìyọ̀ǹda ìgbéyàwó yín lọ́wọ́ bíṣọ́ọ̀bù."

Bàbá wá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ kàn, ó fi lé Mọ́ṣúdù lọ́wọ́.

"Láti ibùdúró kẹfà ni mi ò ti di ọwọ́ yìí mú mọ́. Ìwọ, wá dì í mú."