Ààwẹ̀ Ni Yóò San Án

"Ẹ̀yin ọmọ ilé ìgbìmọ̀, ta ló fẹ́ kí wọ́n yọ ẹran kúrò lórí ìrẹsì òun?"

Bí Fọlọ́runṣọ́ ṣe bèèrè báyìí ni gbọ̀ngàn wa dàrú. "Kò sí o! Kò sí!" Àwọn kan ń fẹsẹ̀ janlẹ̀, àwọn kan ń lu tábìlì. Ọmọ yìí mọ ọ̀rọ̀ sọ, kí n má parọ́. Bó bá ní kí ẹ fẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé òun kúrò n'Ílọrin, ẹ ó ti kọjá Gánmọ̀ kí ẹ tó rántí bèèrè ibi tí ẹ ń lọ.

Oṣù kẹwàá ọdún 1969 ni, ogun abẹ́lé ṣì ń jà. Àwọn sójà ló ń ṣèjọba, kò sí òṣèlú níta. Ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Olúfẹ́mi, tíṣà tó ń kọ́ wa ní ètò ìlú, kò gbà kó parẹ́ nínú kíláàsì. "Sójà ò ní ṣèjọba títí ayé," ló máa ń wí. "Ọjọ́ tí òṣèlú bá padà dé, mi ò fẹ́ kó bá òpè nílé." Ló bá dá ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sílẹ̀ fún wa, pẹ̀lú ẹgbẹ́ méjì. Ó ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbé ètò ìṣúná wá fún Nàìjíríà, nítorí ogun ń jẹ ju ohun tó ń wọlé lọ, kí wọ́n sì sọ bí wọn yóò ṣe dí ihò tó wà lápò ìjọba.

Pírínsípà wá fi tirẹ̀ kún un. Ó ní irú àìsàn kan náà ló ń ṣe ilé ìdáná wa. Oúnjẹ ti gbówó lórí l'Ọ́jà Ìpàta, owó tí ìjọba ń fún ilé-ìwé kò sì lé kọ́bọ̀. Bí a bá ń jẹ bí a ṣe ń jẹ, owó yóò tán kí tẹ́ẹ̀mù tó parí, ilé ìdáná yóò sì tì nígbà tí àwa fọ́ọ̀mù fáìfù bá wà láàárín ìdánwò àṣejáde. Púpọ̀ nínú wa ló sì wá láti ọ̀nà jíjìn, Ọ̀mù-Àrán, Ẹ̀gbẹ́, títí dé Kàíámà. "Nítorí náà," ni pírínsípà wí, "ẹgbẹ́ tó bá wọlé, ètò rẹ̀ ni a ó lò nílé ìdáná. Kí ẹ lè mọ̀ pé ìṣúná kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán."

Fọlọ́runṣọ́ ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni olórí ẹgbẹ́ kan. Àbdùlgàfárù ni olórí èkejì, ọmọ Ìlọrin gidi, tí bàbá rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú nítòsí Ìpàta. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Ọ̀kan ń sùn lókè bẹ́ẹ̀dì, èkejì nísàlẹ̀.

Gàfárù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Kò mọ ọ̀rọ̀ dá lárà, orí ló ń họ.

"Owó tó ń wọlé kò tó," ló wí. "Kí àwọn ọ̀gá tó ń gun mọ́tò ńlá san owó orí sí i. Kí ìjọba dá àwọn ilé ràgàjì tó ń kọ́ dúró di ẹ̀yìn ogun. Ní ti ilé ìdáná wa, kí á máa jẹ ẹran lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kí fọ́ọ̀mù fáìfù má gba ẹran méjì mọ́. Kí ẹni tí ilé rẹ̀ wà n'Ílọrin, bí èmi, lọ máa jẹun nílé lọ́jọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè. Yóò dùn wá o. Ṣùgbọ́n a ó jẹun dópin."

"Ẹ dá a padà sílé kéú!" Olúdáre ló kígbe bẹ́ẹ̀, ọmọ ìlú kan náà pẹ̀lú Fọlọ́runṣọ́. Ẹ̀rín bú wa.

Ìgbà náà ni Fọlọ́runṣọ́ dìde, tó bèèrè ọ̀rọ̀ ẹran yẹn. Ó dúró kí ariwo rọlẹ̀.

"Lábẹ́ ẹgbẹ́ tèmi," ló wí, "ẹnikẹ́ni kò ní pàdánù ohunkóhun. Kí Nàìjíríà yáwó, bí ogun bá parí, epo rọ̀bì yóò san án. Ní tiwa níbí, ẹ jẹ́ ká máa jẹ ẹran wa, ká ra iṣu àti ẹ̀wà láwìn. Ààwẹ̀ ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, àbí kò bọ̀? Ó lé ní ìdajì wa tó jẹ́ Mùsùlùmí. Bí wọn ò bá jẹ tàárọ̀, tí wọn ò jẹ tọ̀sán, ta ni yóò jẹ owó náà? Àpò wa ni! Ẹ má mikàn. Ààwẹ̀ ni yóò san án!"

"Ààwẹ̀ ni yóò san án!" Ni gbogbo ilé gbè é, ọmọ ìjọ àti ọmọ mọ́ṣáláṣí. Gàfárù nawọ́ sókè. Ọ̀gbẹ́ni Olúfẹ́mi ní, "Jókòó, ìwọ ti sọ tìrẹ." Òfin ilé ìgbìmọ̀ ni. A dìbò, Fọlọ́runṣọ́ sì wọlé pẹ̀lú ìbò rẹpẹtẹ.

Ohun tí a kò mọ̀ nígbà náà ni èyí. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ìbò, níbi tí àwọn méjèèjì ti ń pọn omi nídìí ẹ̀rọ, Fọlọ́runṣọ́ ti fi ètò rẹ̀ yangàn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Gàfárù gbé garawa sílẹ̀.

"Fọlọ́, ṣé o ti gbé ilé Mùsùlùmí lóṣù ààwẹ̀ rí?"

"Rárá. Ṣùgbọ́n èmi náà ń gbààwẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ kì í jẹun. Kí ló tún kù?"

Ẹ má dá a lẹ́bi jù níbẹ̀ yẹn. Láti ọdún tí a ti wọ ilé-ìwé, ìgbà ìsinmi tàbí ìgbà tí a fẹ́ lọ sílé ni ààwẹ̀ máa ń bọ́ sí. Ọdún yẹn ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí àárín ìwé.

"Wàláì, oṣù ààwẹ̀ ni ìyá mi ń náwó oúnjẹ jù nínú ọdún," ni Gàfárù wí. "Sààrì kì í ṣe omi lásán, oúnjẹ gidi ni, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń dáná rẹ̀. Ìṣínu ńkọ́? Kókó, àkàrà, ṣúgà, èso dàbínù, kí oúnjẹ alẹ́ tó dé. Bí oṣù náà bá sì ti wọlé báyìí, ẹ̀wà á gbówó lórí l'Ìpàta. Àwọn tí kò gbààwẹ̀ ṣì ń jẹ ẹ̀ẹ̀mẹta tiwọn. Ihò rẹ ò ní dí, fífẹ̀ ni yóò máa fẹ̀ sí i."

Fọlọ́runṣọ́ gbé garawa tirẹ̀ sórí. Ó ní, "Mo gbọ́. N ó rò ó." Àmọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kọ ọ́ lórin kiri ilé ìgbé wa, wọ́n ti ń pè é ní Mínísítà. Bó ṣe rò ó, ìtìjú ló rò, kò ro ebi. Ó sì lọ sọ ọ́ bó ṣe fẹ́ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wò ó.

Lẹ́yìn ìbò, Gàfárù bá a lẹ́nu ọ̀nà. "Fọlọ́, o mọ̀."

"Òṣèlú ni, jàre. Má bínú."

"Èmi ò bínú. Ebi ni kò mọ òṣèlú."

Háà, a gbádùn oṣù kẹwàá yẹn! Lọ́rì ń já iṣu láwìn, ẹran ń bẹ, ẹja ń bẹ. Bí Mínísítà bá ń kọjá, àwọn ọmọ kéékèèké á máa kan sáárá sí i. Ọ̀nà ọ̀fun ọ̀nà ọ̀run, àwọn àgbà ti wí i tipẹ́, ṣùgbọ́n ta ló ń ronú òwe nígbà tí ẹnu rẹ̀ kún?

Oṣù lé, ààwẹ̀ dé. Bí Gàfárù ṣe wí náà ló rí. Kí àkùkọ tó kọ ni iná ti ń jó nílé ìdáná fún sààrì. Iná kì í sì í kú, nítorí àwọn Kìrìsìtẹ́nì ń bọ̀ wá jẹ tàárọ̀, wọ́n ń bọ̀ wá jẹ tọ̀sán. Nígbà tí oòrùn bá wọ̀, kókó àti àkàrà ìṣínu tún dé, oúnjẹ alẹ́ ń bọ̀ lẹ́yìn. Igi ìdáná tó ń tó wa lọ́sẹ̀ kan kò tó ọjọ́ mẹ́ta mọ́. Pírínsípà kò sì lè ní kí wọ́n fi ebi pa ẹni tó ń jọ́sìn. Ẹran kọ́kọ́ lọ. Ẹja tẹ̀lé e. Ẹ̀wà di omi tí ọmọ ẹ̀wà díẹ̀ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀.

Ìyá Naimat, tó ń kó iṣu fún wa láti Ìpàta, wá fúnra rẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ ìwé, ẹ kú iṣẹ́ o," ló wí. "Àwìn kì í ṣe ọ̀fẹ́. Èmi náà ní àwọn ọmọ tó ń gbààwẹ̀ nílé. Mi ò lè gbé iṣu wá mọ́."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, pírínsípà kó gbogbo wa jọ. Ó ní ilé ìdáná tì. Kí àwọn ọmọ kíláàsì ìsàlẹ̀ máa lọ sílé. Àwa fọ́ọ̀mù fáìfù lè máa sùn níbẹ̀, nítorí ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kí oníkálukú wá ohun tí yóò máa jẹ.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tó ń ka ìwé ń ka ìlà kan náà lákàtúnkà. Lọ́jọ́ Sátidé, Olúdáre ní òun ò lè fara dà á mọ́, òun ń lọ sí Ọ̀mù-Àrán lọ wá oúnjẹ, òun yóò padà lálẹ́ Sọ́ńdè. Ìdánwò ìṣirò ni ti àárọ̀ Mọ́ńdè. Lọ́rì tó gbé e bọ̀ bà jẹ́ lẹ́bàá Àjàṣẹ́. Ó sùn lẹ́bàá títì, kò rí mọ́tò mìíràn wọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Nígbà tó fi dé, a ti ń jáde nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Eruku bò ó látòkè délẹ̀, àpò gàrí wà lórí rẹ̀. Ó wo ìwé ìbéèrè tó wà lọ́wọ́ wa, ó sì jókòó sórí àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn. Kò sunkún. Fọlọ́runṣọ́ sún mọ́ ọn, ó bá a sọ àpò náà kalẹ̀.

Olúdáre tú àpò, ó yọ àpò kékeré kan jáde nínú rẹ̀. "Gàrí tìrẹ nìyí," ló wí. "Ìyá rẹ ní kí n kó o fún ọ. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé kí o jẹun dáadáa, kí o lè rí ìdánwò ṣe."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ọmọ náà lákínyẹmí ara. Ibẹ̀ ló ti bú sẹ́kún lójú gbogbo wa. "Gàfárù ti sọ fún mi!" ló ń wí. "Ó ku ọ̀la ká dìbò ló sọ fún mi. Mo mọ̀ pé ààwẹ̀ kò lè san nǹkan kan. Mo mọ̀ kí n tó sọ̀rọ̀!" Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́.

Ó sáré lọ bá pírínsípà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí Olúdáre ṣe ìdánwò náà. Pírínsípà mi orí. "Wọ́n ti di ìwé ìdáhùn, wọ́n ti gbé e lọ. Kì í ṣe ọwọ́ mi ló wà mọ́, ọmọ mi, ó di ìdánwò ọdún tó ń bọ̀."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Gàfárù wá pe àwọn méjèèjì àti àwa mélòó kan tí kò níbi tí a ń lọ. Bàbá rẹ̀ ní ká wá máa gbé lọ́dọ̀ òun títí ìdánwò yóò fi parí. Nínú agboolé yẹn ni Fọlọ́runṣọ́ ti fojú ara rẹ̀ rí ìkòkò sààrì. Gàfárù kò sọ fún un lẹ́ẹ̀kan pé "Ṣebí mo wí." Ká ní ó wí i ni, bóyá ara ìbá tù ú díẹ̀.

Nígbà tí ìdánwò parí, èmi àti àwọn méjèèjì jọ wọ lọ́rì lọ sí Ọ̀mù-Àrán. Fọlọ́runṣọ́ kò kọ́kọ́ ya ilé wọn. Ọ̀dọ̀ bàbá Olúdáre ló gbà lọ, kábíńtà ni bàbá náà. Ó kúnlẹ̀ láàárín èérún pákó, ó ro gbogbo rẹ̀ pátá, kò fi ọ̀kan pamọ́. Bàbá náà gbé ayùn sílẹ̀.

"Olúdáre pàtẹ́wọ́ fún ọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó jẹ̀bi àtẹ́wọ́, yóò sì fi ọdún kan gbáko san án. Ìwọ mọ̀, o sì sọ ọ́, tìrẹ tóbi jù ú lọ. Gbọ́, ọmọ yìí. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru ẹrù rẹ̀ dé ilé. Ṣùgbọ́n tìrẹ yìí, ẹlòmíràn lo gbé e rù. Ẹni tó bá ní kò sẹ́ni tí yóò san án, ó ti yan ẹni tí yóò san án, kò kàn tíì dárúkọ rẹ̀ ni. Ọmọ tèmi lo yàn."

Mo ti dàgbà, mo ti gbọ́ ètò ìṣúná lẹ́nu sójà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olóṣèlú. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, òótọ́ ọ̀rọ̀ korò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ iye tí nǹkan yóò ná yín fún yín, ẹ má fi í ṣẹ̀sín, ẹ jókòó tì í. Bí ẹnì kan bá sì dìde tó ní òun yóò dí ihò àpò ìlú, tí ẹran ẹnikẹ́ni kò sì ní dín, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ bi í lórúkọ ẹni tó yàn.