Ilé Orí Táyà tí Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ Ní Ká Ṣe

Ọkùnrin náà gun ìdí ilé orí táyà náà, ilé náà kò sì tẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ irú ilé bẹ́ẹ̀ lè má mọ ohun tí mò ń sọ. Yàrá kékeré ni, irin àti pákó la fi kàn án, táyà méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù ló sì máa ń fà á kiri. Bí a bá tú u kúrò lẹ́yìn ọkọ̀, orí táyà méjì yẹn àti jáàkì tó wà lábẹ́ imú rẹ̀ nìkan ló dúró lé. Bí ènìyàn bá gun ìdí rẹ̀ láìjẹ́ pé a ti fi òkúta tì í, imú á fò sókè, ìdí á sì gbálẹ̀. Ológbò ọgbà wa pàápàá, bó bá fò sórí rẹ̀, sípíríǹgì á dún. Ọkùnrin yìí ga, ó sì lẹ́ran lára. Ó wọlé láti ẹ̀yìn, ó rìn síwá sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ibùsùn. Sípíríǹgì kò dún. Jáàkì kò mira.

Mo rí i. Mo mú òòlù mi, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Ẹ má rò pé ìgboyà ni. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú ni nǹkan kan ò ti wọ̀ mí lára mọ́. Ibà ọjọ́ díẹ̀ ló mú un lọ. Ẹni tó ń pariwo kiri ọgbà pé ta ló gbé sípánà òun, ká tó wí ká tó fọ̀, ó ti dèrò ọ̀run. Mi ò sunkún tó bí wọ́n ṣe retí. Àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin wò mí, wọ́n wo ara wọn. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá sùn lé apá ara rẹ̀: ó jí, apá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé tòun ni. Gbogbo ara mi ló rí bẹ́ẹ̀. Bí iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀, bí kò sí níbẹ̀, ọ̀kan náà ni lẹ́nu mi. Irin gbígbóná jó mi lọ́wọ́ nígbà kan, òórùn rẹ̀ ló sọ fún mi.

Èmi ni mo máa ń ṣe inú àwọn ilé wọ̀nyí, ibùsùn, àpótí, ilẹ̀kùn. Ọkọ mi ló ń ṣe ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí kò sí mọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ oníṣẹ́ iná mọ́tò kó wáyà àti bátìrì rẹ̀ wá sí ọgbà wa, kí ilẹ̀kùn má baà tì. Ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é. Ìyàwó lòun ń pè mí, bí gbogbo ilé wọn ṣe ń pè mí láti ọjọ́ tí mo ti wọlé. Aláwàdà ni. Òun ló sọ oníbàárà wa yìí ní Ọ̀gá Jẹ́jẹ́, nítorí pé bó ṣe ń rìn jẹ́jẹ́ náà ló ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Bí ọkùnrin yìí bá fẹ́ sín," Ẹ̀gbọ́n wí, "á kọ́kọ́ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ imú."

Ohun tí Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ fẹ́ kò ṣòro láti ṣe, àfi pé ó ṣàjèjì. Ó ní ká gbé tánkì omi àti bátìrì kejì sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, ká sì kàn férémù irin tí yóò gbé tapólì dúró lórí wọn. Títí dé ibẹ̀, bí àwọn tó ń rin ìrìn àjò ọ̀nà jíjìn ṣe máa ń fẹ́ ẹ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ilé orí táyà, ó ní nǹkan kan kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀ tí a máa ń kó síta kó tó ṣeé lò. Aga gbọ́dọ̀ wà nínú ilé, sitóòfù gbọ́dọ̀ wà nínú ilé. Ó ní òun fẹ́ lè dìde nídìí oúnjẹ kí òun sì wà lójú títì kí omi ẹnu òun tó gbẹ. Ó ní ilẹ̀kùn kò gbọdọ̀ dún. Ó ní òun ò fẹ́ fèrèsé kankan lẹ́yìn.

Ìyàwó rẹ̀ ló fẹ́ fèrèsé ẹ̀yìn. Ọmọbìnrin tó lọ́yàyà ni, ó máa ń jókòó tì mí bí mo bá ń fá pákó, á sì máa sọ̀rọ̀ láìdúró gba ìdáhùn, èyí tó bá mi lára mu. "Àǹtí," ó wí lọ́jọ́ kan, "ìlú tó bá ti ń mọ́ mi lára ni bàbá yìí máa ń ní ká kúrò. Bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ẹni tó ń ta ata tó dáa báyìí, ó tán, ẹrù ti wà lórí. Ó yẹ kí n lè máa wo ibi tí mo ti ń bọ̀ lójú fèrèsé, àbí?"

"Ó yẹ," mo wí.

"Ẹ bá mi bá a sọ ọ́."

Mo bá a sọ ọ́. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ibi tí a bá ti kúrò ni wọ́n ti lè rí wa."

Mi ò bi í pé àwọn wo.

Ọ̀sán ọjọ́ tí Baba Onítáyà gbé táyà wá ni ọ̀rọ̀ tú. Ọ̀nà jíjìn ni baba yìí ti máa ń wá. Bó bá dé, á máa yí táyà láti ẹnu geeti wọlé, á sì máa kọrin tẹ̀lé e bí ẹni tó ń da ẹran. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ píkọ́ọ̀pù, ó kẹ̀yìn sí wa. Ó yíjú padà. Orin Baba Onítáyà gé. Ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára táyà, táyà náà ń yí lọ fúnra rẹ̀, ó la ọgbà kọjá, ó gbá ògiri, ó sì wó lulẹ̀.

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ wọ inú ilé orí táyà, ó fa ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn náà kò dún, torí bí mo ṣe ṣe é nìyẹn.

"Ta nìyẹn?" Baba Onítáyà béèrè. Ó ti jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Oníbàárà wa ni," Ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn. "Kí ló dé, Baba?"

"Mo wà lára àwọn tó gbé e."

"Ẹ gbé e lọ síbo?" Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu Ẹ̀gbọ́n.

"Síbi tí wọ́n ń gbé òkú lọ." Baba náà wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Apá ọ̀tún pósí ni mo dì mú. Ó wúwo. A sinmi lójú ọ̀nà nítorí pé ó wúwo."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Ẹ̀gbọ́n. Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àkúdàáyà ni, Ìyàwó."

Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ rí láti kékeré: ẹni tó kú síbì kan, tó tún lọ ń gbé ayé níbòmíràn, tó ń ṣiṣẹ́, tó ń fẹ́yàwó, títí ẹni tó mọ̀ ọ́n nígbà ayé rẹ̀ yóò fi rí i. Bí a bá ti rí i, ibẹ̀ ò gbà á mọ́. Baba Onítáyà kó sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ, kò mú táyà yòókù wọlé. Ẹ̀gbọ́n ní òun á dúró de ọmọbìnrin náà lẹ́nu geeti. Ó ní kò sí bí òun ṣe máa wo ọmọ ọlọ́mọ kó máa bá òkú kiri, kí òun sì di ẹnu.

Èmi lọ ṣí ilẹ̀kùn ilé orí táyà.

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ jókòó sórí ibùsùn. Fóòmù tó jókòó lé tẹ́jú pẹrẹsẹ, bí ìgbà tí nǹkan kan ò sí lórí rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ń ṣá, bí aṣọ tó pẹ́ jù lóòrùn.

"Ó ku kí a kan àpótí òkè," mo wí.

"Kò burú. A ó lọ bẹ́ẹ̀." Lẹ́yìn náà ló ní, "Mo ti fẹ́ ẹnìkan ṣáájú eléyìí. Ẹni tó mọ̀ mí wọ ìlú náà. Mo wà nídìí oúnjẹ, ẹsẹ̀ mi sì gbé mi jáde. Ọbẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Bóyá ìyàwó yẹn ṣì ń wá mi. Mi ò fẹ́ fi eléyìí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ilé bá wà lẹ́yìn ọkọ̀, bí mo bá ń sá, ó ń sá tẹ̀lé mi, ẹni tó wà nínú rẹ̀ náà ń bá mi lọ."

Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ìṣó wà lẹ́nu mi. "Ta ló júwe wa fún yín?"

"Mẹkáníìkì kan ni. Ó ní obìnrin kan wà tó máa ń kó ìṣó sẹ́nu, tó jẹ́ pé bó bá ń ronú, á máa fi ahọ́n yí wọn. Ó ní bí obìnrin náà bá rí ohun tí kò yé e, kò ní pariwo."

Mo tu ìṣó sọ́wọ́.

"Ara rẹ̀ ńkọ́?"

"Ara rẹ̀ le. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ bí sípánà rẹ̀ bá sọnù."

"Ṣé ẹnìkan wà lọ́dọ̀ rẹ̀?"

Ó wo ilẹ̀. Mo ní kò burú.

"Ìlú náà ń jẹ́—" ó bẹ̀rẹ̀.

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Èmi tí mi ò sáré fún ohunkóhun láti ọjọ́ yìí wá, mi ò mọ ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ tutù bí ògiri tí oòrùn ò dé rí, kò sì sí èémí kankan lábẹ́ ọwọ́ mi. Bí mo bá mọ orúkọ ìlú náà, màá lọ. Bí mo bá lọ, tí ojú èmi àti ọkọ mi bá ṣe mẹ́rin, á fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á sá, á sì tún lọ bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n. Ibi tó wà yẹn, ara rẹ̀ le níbẹ̀.

Ó yé Ọ̀gá Jẹ́jẹ́. Ó mi orí.

Nígbà tí mo jáde, ìyàwó rẹ̀ ti dé láti ibi tó ti lọ ra aṣọ fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n ti fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ti sọ ọ́ fún un. Ọmọbìnrin náà gbá aṣọ náà mọ́ àyà.

"Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n," ó wí. "Gbogbo ibùsùn tí a ti sùn rí, ẹ̀gbẹ́ tèmi nìkan ló máa ń tẹ̀."

"O mọ̀?"

"Mo mọ̀ pé nǹkan kan wà."

"O ṣì tún fẹ́ tẹ̀lé e?"

Ó rò ó. "Bó bá ti rí mi, á bi mí bóyá mo ti jẹun. Ní ilé tí mo ti wá, kò sẹ́ni tó bi mí rí."

Ẹ̀gbọ́n wò mí kí n sọ nǹkan kan. Mo lọ bá wọn so ìkọ́ ilé náà mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Wọ́n wa ọkọ̀ jáde, oòrùn ṣì wà lókè. Torí pé kò sí fèrèsé lẹ́yìn, mi ò mọ̀ bóyá ọmọbìnrin náà juwọ́.

Mi ò sọ ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì náà fún Ẹ̀gbọ́n. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Bó bá gbọ́, kò ní dúró mú bàtà. Láti ìgbà náà ni mi ò ti rìn kọjá ọjà àdúgbò wa, torí ọ̀nà tí mi ò mọ ibi tó dé, ó lè jẹ́ òun ló lọ síbi tí ọkọ mi wà. Èmi tí mò ń ṣe ilé fún àwọn tó ń rin ayé já.

Kò pẹ́ púpọ̀, ọkọ̀ kan wọ ọgbà wa tó nílò gíà irú èyí tí a ò rí rà nítòsí. Àwọn awakọ̀ júwe ìlú kan létí omi fún Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹnìkan wà níbẹ̀ tó mọ̀ ọ́n tún ṣe.

"Ẹ má lọ," mo wí.

"Kí ló dé?"

Mo kó ìṣó sẹ́nu. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò ní pẹ́, pé kí n má tíì ta aga òun.

Ó padà dé ní ìrọ̀lẹ́, láìmú gíà dání. Kò ṣe àwàdà kankan lẹ́nu geeti. Ó jókòó. Mo bi í bóyá ó rí ṣọ́ọ̀bù náà.

"Mo rí i. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Ẹ́ńjìnnì kan ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ife tíì wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ṣì ń rú èéfín. Kò sẹ́nìkan." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Obìnrin kan jáde láti ẹ̀yìn, ó ń pe ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ó ní ibẹ̀ náà ló wà, pé ó kàn gbójú sókè, ó rí ẹnìkan tó ń bọ̀ lókèèrè, ó sì bọ́ sójú ọ̀nà. Obìnrin náà bi mí bóyá mo pàdé rẹ̀."

Nǹkan kan ò wọ̀ mí lára. Mo lọ bu omi fún un. Ó mu ún tán, ó sì di ife náà mú.

"Ìyàwó," ó wí jẹ́jẹ́, "o ò ní bi mí pé orúkọ wo ni obìnrin náà ń pè?"

Mo ní rárá.