Ọjọ́ tí Oméa Dá Orin Dúró

"Má dáwọ́ dúró," ni Adras sọ sí Oméa létí. "Ṣe ni kí o túbọ̀ yára sí i."

Igò kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ mọ́ àwọ̀n onírin tí wọ́n ta síwájú àwa olórin ní gbọ̀ngàn ijó ẹ̀yìn ìlú Mamou. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Oméa Guidry, akọ́díọ̀nù ni ó ń fà. Adras, àbúrò bàbá rẹ̀, ń ta gìtá. Èmi ń lu irin onígun mẹ́ta. Lurvin, ẹ̀gbọ́n Oméa tí ó ń ta gòjé, ti sọ̀ kalẹ̀ lọ mu bíà. Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́kùnrin kan tí ń jẹ́ Curley Vidrine ti ká a mọ́, nítorí pé Oméa kọ̀ láti bá a jó.

"Ṣé àpótí tó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ yẹn ni ọkọ àbúrò ẹ?" Ó nàka sí akọ́díọ̀nù Oméa. Bí ó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán ni ó fún Lurvin ní ẹ̀ṣẹ́ lẹ́nu.

Gbogbo olórin agbègbè wa ló mọ òfin tí Adras tẹnu mọ́ yìí, ó sì nídìí. Bí orin bá ṣì ń lọ, ẹsẹ̀ oníjó kì í dúró. Ìyàwó á di ọkọ rẹ̀ mú, ìjà ẹni méjì á sì wà láàárín ẹni méjì títí aṣọ́nà á fi tì wọ́n síta. Ṣùgbọ́n bí orin bá dákẹ́, gbogbo ojú á yí síbẹ̀, kálukú á sì rí ẹbí tirẹ̀ nínú ìjà.

Oméa ń tì, ó ń fà, ìka rẹ̀ ń sáré lórí bọ́tìnì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Curley tún fún Lurvin ní ẹ̀ṣẹ́, eyín kan fò jáde. Oméa kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó gbé akọ́díọ̀nù sílẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn àwọ̀n, ó gbé àga kan, ó sì là á mọ́ Curley lórí.

Orin dákẹ́, gbogbo ojú yí síbẹ̀. Lẹ́yìn náà àwọn Vidrine dìde, àwọn Guidry dìde. Àga ń fò, igò ń fọ́ lórí ènìyàn, ẹ̀jẹ̀ ń yọ̀ lábẹ́ bàtà. Théogène, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Oméa, fa ọ̀bẹ yọ láti gba Lurvin sílẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ gún yẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ òsì Lurvin ni ọ̀bẹ bà, ó sì gé e dé iṣan.

Dókítà rán ẹran ara pọ̀, ṣùgbọ́n ìka mẹ́ta kò ká mọ́. Ìka òsì ni a fi ń tẹ okùn gòjé.

Oméa sunkún lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó ní ìfẹ́ ẹ̀gbọ́n òun ló mú òun ṣe é. Lurvin jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tán.

"Eyín ni Curley gbà lọ́wọ́ mi, Oméa. Ẹni tí kò léyín lè ta gòjé."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́."

"Má bẹ̀ mí. Ta ni yóò máa bá ẹ ta á báyìí?"

Ó pẹ́ kí gbọ̀ngàn kankan tó tún pe Oméa. Nígbà tí wọ́n pè é, Lurvin ló wa ọkọ̀. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé akọ́díọ̀nù dé ẹnu ọ̀nà, ó sì padà sínú ọkọ̀, ó ti gíláàsì, ó jókòó síbẹ̀ títí ijó fi parí. Oméa di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lẹ́yìn ìgbà náà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tún wọ gbọ̀ngàn ijó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìbínú kò da nǹkan fúnni. Ẹni tí ó fi ìbínú gbèjà ẹni tí ó fẹ́ràn, ó lè jẹ́ pé òun gan-an ni yóò ṣe é léṣe jù.