Ta Ló Sọ Pé Mo Ti Gbà?

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, kọ̀ǹpútà ló ń bá jà. Kọ̀ǹpútà yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni, ní ọsibítù tí mo ti ń tọ́jú ẹ̀rọ. Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ló wà lórí gbogbo ẹ̀rọ wa. Ọ̀gá mi yá ọkùnrin kan wá láti ilé-iṣẹ́ mìíràn kí ó bá wa fi sọ́fítíwia tuntun sí i. Ó jókòó, ó tẹ àṣẹ, ẹ̀rọ ní òun kò mọ ohun tó ń sọ. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún àṣẹ náà tẹ̀. Ẹ̀rọ tún yarí.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, ẹ̀rín ti fẹ́ pa mí, "apt kọ́ là ń lò níbí o. dnf ni."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ẹ dárúkọ sọ́fítíwia tí ẹ fẹ́, á bá yín wá a, á gbé e wá, á sì kó gbogbo àwọn mìíràn tí sọ́fítíwia náà gbára lé tẹ̀lé e."

"Bíi kéèyàn fẹ́yàwó, kí gbogbo ẹbí rẹ̀ kó dé."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ojú mi ló ń wò, kò wo ẹ̀rọ mọ́. dnf to orúkọ ohun tó fẹ́ kó wọlé, ó béèrè bóyá kí òun tẹ̀síwájú. Ọkùnrin yìí kàn tẹ Enter láìwo ibẹ̀, ó dìde.

"Ó ti parí," ló wí. Ó gba nọ́ńbà mi, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ará yàrá àyẹ̀wò pè mí pé àwọn kò rí sọ́fítíwia kankan. Ó yà mí lẹ́nu. Mo fi í sí i fúnra mi, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà fi ọkùnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́.

Láti ìgbà náà ló ti ń wá ṣáá. Lónìí, ó gbàgbé wáyà sọ́dọ̀ wa. Lọ́la, ó fẹ́ mọ bí ẹ̀rọ wa ṣe ń ṣe sí. Àwọn nọ́ọ̀sì sọ ọ́ ní Aláwòójú. Wọ́n á ní, "Aláwòójú rẹ dé o!" Rẹ kẹ̀? Èmi kò mọ̀ bóyá èmi ló ń wá àbí ẹ̀rọ. Ọkùnrin tó lè sọ̀rọ̀ sọ́fítíwia títí ilẹ̀ á fi fẹ́ẹ́ ṣú, kò sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kan ṣoṣo. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí kò bá wá, oúnjẹ kì í wọ̀ mí lẹ́nu. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ó sì rú mi lójú.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú ọsibítù. Ó ní, "Olólùfẹ́ mi," ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, "màmá mi ń béèrè ẹ. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ wa ti dé ibi tí àwọn àgbà lè gbọ́."

Ó wo ojú mi. Mo fẹ́ kí ó bi mí gan-an, kí ó ní, "Ṣé wàá fẹ́ mi?" Kò bi mí, èmi náà kò fèsì. Mo ní tó bá dá a lójú, á tún un sọ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fọwọ́ kan èjìká mi, ó lọ. Mo gbà pé ó ti pa ọ̀rọ̀ náà tì nìyẹn, inú mi sì bàjẹ́ gidigidi.

Àfi bí wọ́n ṣe kanlẹ̀kùn wa lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Màmá kan wọlé, wọ́n gbá mi mọ́ra.

"Ìyàwó mi rèé!"

Aláwòójú wà lẹ́yìn wọn nínú ṣẹ́ẹ̀tì tuntun, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Bàbá mi, kápẹ́ńtà tó ti fẹ̀yìn tì, ń tún ẹsẹ̀ àga kan ṣe ní pálọ̀. Wọ́n gbé òòlù sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó ta ni?"

"Ìyàwó ọmọ mi yìí. Ó ní ọmọ yín ti gbà."

Bàbá yíjú sí mi. "Ṣé o ti gbà?"

Orí mi dàrú. "Bàbá, kò sẹ́ni tó bi mí."

"Mo sọ ọ́ lórí bẹ́ǹṣì!" Aláwòójú ní. "O sì dákẹ́!"

"Mo dákẹ́ torí pé mi ò gbà! Ìyẹn ni pé mi ò tíì gbà. Ìyẹn ni pé..." Èmi gan-an kò mọ ohun tí mo ń sọ mọ́.

Omi lé ròrò sójú màmá rẹ̀. "O mú mi wá sílé onílé, kí n wá gba ìtìjú?" Wọ́n yí padà, wọ́n lọ. Ó tẹ̀lé wọn.

Bàbá mú òòlù wọn. "Ẹni tí kò bi ọ́ kó tó kó ẹbí rẹ̀ wá, bó o bá dé ilé rẹ̀, kí ni yóò máa bi ọ́? Kó má wá síbí mọ́." Mo sunkún, n kò sì mọ ẹni tí mò ń bínú sí, òun ni àbí ara mi.

A kò pe ara wa mọ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọ̀gá mi tó rán mi lọ sí ilé-iṣẹ́ tí Aláwòójú ti ń ṣiṣẹ́, kí n bá wọn fi sọ́fítíwia kan sórí ẹ̀rọ. apt ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún. Ó to orúkọ sílẹ̀, ó béèrè bóyá kí òun tẹ̀síwájú. Mo rí i pé èyí tí mo dárúkọ kọ́ ni mo fẹ́, mo bá tẹ Enter láìdáhùn, kí ó lè fi í sílẹ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe fún dnf. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù wọlé wìtìwìtì.

"Yéè! Ta ló sọ pé mo ti gbà?"

"O dákẹ́." Aláwòójú ló dúró lẹ́yìn mi. "Téèyàn bá dákẹ́ fún apt, ó ti gbà nìyẹn."

"Téèyàn bá dákẹ́ fún dnf, ó ti kọ̀ nìyẹn."

A wo ara wa. Ó wá àga, ó jókòó pẹ̀lẹ́.

"Sọ́fítíwia tí mo fi sí ẹ̀rọ yín lọ́jọ́ kìíní ńkọ́?"

"Kò wọlé. Èmi ni mo fi í sí i. Kí ló dé tí o kò wo ojú ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà?"

"Ìwọ ni mò ń wò."

Ìbínú mi tán níbẹ̀.

Ó bẹ bàbá mi títí wọ́n fi gbà kó wá. Màmá rẹ̀ tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí. "Mi ò jókòó o, àfi tí mo bá gbọ́."

"Èmi kọ́ ni kó o bi," bàbá mi wí fún Aláwòójú. Ó kọjú sí mi.

"Ìfẹ́ mi, tó o bá gbà mí, àwọn tó máa tẹ̀lé mi wọlé nìyí: màmá mi tí ohùn wọn kì í rẹlẹ̀..."

"Ohùn ta ni kì í rẹlẹ̀?" màmá rẹ̀ pariwo.

"...ògbólógbòó kọ̀ǹpútà tó kún yàrá mi, àti híhanrun mi. Ṣé wàá fẹ́ mi? Jọ̀ọ́, má dákẹ́."

Mo la ẹnu, ohùn kò jáde. Èmi tí mò ń ráhùn pé wọn kò bi mí!

Bàbá mi fi òòlù kan ẹsẹ̀ àga. "Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́ o."

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo wí. "Màá fẹ́ ẹ."

Màmá kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé ó sọ ọ́ àbí kò sọ ọ́? Tún un sọ, ọmọ mi. Ìtìjú ìjọ́sí ṣì wà lójú mi."

Mo lọ bá wọn, mo di ọwọ́ wọn méjèèjì mú, mo tún un sọ sókè. Ìgbà náà ni wọ́n tó wọlé, wọ́n jókòó sórí àga tí bàbá mi tún ṣe.