Ẹni Tó Gba Ọ̀nà Patanmọ́

Ẹ̀gbẹ́ odò kékeré kan nínú igbó lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti bá òkú Ìbídùnní, lábẹ́ igi òrúrù tó kún fún òdòdó pupa. Òkúta ló fọ́ ọ lórí. Inspẹ́kítọ̀ Mutmainah Oyèdèjì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yẹ ọwọ́ obìnrin náà wò, ó sì rí ibi tí èékánná ti ha á.

"Kì í ṣe pé ó yọ̀ ṣubú," ó sọ fún kọ́sítébù rẹ̀. "Ẹnì kan dì í lọ́wọ́ mú kó tó tì í."

Àwọn ará Ìkòròdú mélòó kan ló wá rìn nínú igbó náà láàárọ̀ Sátidé yẹn láti kọ́ orúkọ igi àti òdòdó. Tàjùdéèn, tíṣà tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọ̀gbìn nílùú Ẹ̀pẹ́, ló ń mú wọn kiri. Nígbà tí wọ́n jókòó sinmi lábẹ́ àràbà ńlá kan, Ìbídùnní nìkan ló sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò láti wo òrúrù. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́ igbe.

Tàjùdéèn ni Mutmainah kọ́kọ́ pè. Ẹ̀jẹ̀ wà láyà aṣọ rẹ̀.

"Níbo lẹ wà nígbà tí obìnrin yìí ké?"

"Mo wọnú igbó lọ díẹ̀, mà. Èso igi apá ni mò ń wá, kí n lè fi hàn wọ́n."

"Ta lẹ bá lọ?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Ẹ̀jẹ̀ yìí ńkọ́?"

"Èmi ni mo gbé e. Mo rò pé ó ṣì ń mí."

Festus, ọkọ olóògbé, jókòó sórí gbòǹgbò igi kan. Òṣìṣẹ́ báǹkì ni, ojoojúmọ́ ló ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ipakodo lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ nígbà tó ń sọ̀rọ̀.

"Màdáàmù, ẹ wo fóònù ìyàwó mi. Ẹ wo bí tíṣà yẹn ṣe ń pè é tó. Gbogbo Sátidé ni ìyàwó mi ń wá síbí. Tí tíṣà bá sì ti pè é nílé, ìta ló máa ń lọ láti dá a lóhùn. Mi ò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́? Níbo lẹ wà?"

"Mo ti padà lọ mú omi nínú mọ́tò wa létí títì. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ igbe. Mo sáré gba ọ̀nà tóóró yẹn já sódò. Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀."

Mutmainah yẹ fóònù náà wò. Òótọ́ ni, orúkọ Tàjùdéèn pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n mú tíṣà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Àwọn tó ti ń fi ọ̀yàyà bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yà fún un bó ṣe ń kọjá.

Ní ọ̀sán, Aisha, ọ̀rẹ́ Ìbídùnní, wá sí àgọ́.

"Òdòdó ni mò ń ya fídíò rẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ igbe," ó ní. "Mo sáré sódò láti ìdí àràbà, mo bá Festus lórí ìkúnlẹ̀. Ni mo bá gba ọ̀nà tóóró lọ sí títì láti pe èèyàn. Mi ò rántí pa fóònù."

Mutmainah wo fídíò náà. Ó tún un wò. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n pe Festus pé kó pàdé òun nínú igbó láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó mú Tàjùdéèn náà dání.

Oòrùn ti ràn dáadáa nígbà tí wọ́n débẹ̀. Patanmọ́ ti bo ọ̀nà tóóró náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbogbo ewé rẹ̀ ló là sílẹ̀.

"Ẹ rìn ín bí ẹ ṣe rìn ín lánàá," Mutmainah sọ fún Festus.

Festus rìn ín. Gbogbo ewé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn ló pa dé. Mutmainah ní kí gbogbo wọn dúró. Wọ́n dúró títí tí ara fi ń ni Festus, ewé náà kò tíì là.

"Ẹ ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré gba ibí kọjá ni," Mutmainah sọ. "Kíá ni Aisha bá yín lódò, ibí náà ló sì gbà lọ. Nínú fídíò rẹ̀, ṣe ni gbogbo ewé yìí là kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ ló pa wọ́n dé. Kò sẹ́ni tó ti títì wá ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀yin ti wà lódò, ẹ̀ ń ṣọ́ ìyàwó yín."

Festus wo Tàjùdéèn, kò wo inspẹ́kítọ̀.

"Mo rò pé ìwọ ló ń lọ pàdé," ó sọ. "Mo ní kó sọ òótọ́ fún mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n wo òdòdó. Mo dì í lọ́wọ́ mú. Inú ló bí mi, mo tì í."

Mutmainah mú fóònù Ìbídùnní jáde. "Mo ti gbọ́ gbogbo ohùn tí òun àti tíṣà fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn." Ó tẹ ọ̀kan, ohùn obìnrin náà sì jáde:

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, èyí tí ewé rẹ̀ tò yí ẹ̀ka ká, ṣé ahùn ni àbí àràbà? Mi ò fẹ́ ṣì í. Tí ọkọ mi bá gbà láti bá wa wá, èmi ni mo fẹ́ máa sọ orúkọ wọn fún un."

"Kí ló dé tó fi máa ń lọ síta?" Festus béèrè.

"Ó ní ẹ máa ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́," Tàjùdéèn dáhùn.

Kọ́sítébù fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Festus lọ́wọ́. Kò jà. "Ẹ jọ̀ọ́, mà," ó ní, "ẹ jẹ́ kí n tún un gbọ́."

Mutmainah ti fóònù náà bọ àpò, ó sì ní kí wọ́n máa mú un lọ.