Ọjọ́ tí Òkè Petung Ya Lulẹ̀

Aṣọ bátíìkì tí Ranudipa fi gbéyàwó ló ró lọ́jọ́ tó fẹ́ lọ bá Demang, olórí agbègbè náà, sọ̀rọ̀ òkè tó là. Ó wé láwàní aláró mọ́rí, ó ki kẹ́rísì, idà wíwọ́ tó jogún lọ́dọ̀ baba rẹ̀, bọ ẹ̀yìn ìbàdí, bó ṣe yẹ baálẹ̀ Watulawang. Ìyàwó rẹ̀, Kasirah, di adìẹ méjì lẹ́sẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ ọparun, ó tẹ̀ lé e. Wiji, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, ọmọ ọdún méje, wà nílé lọ́dọ̀ ìyá àgbà, nítorí ibà ń ṣe é.

Ayé ìgbà náà, àṣẹ òyìnbó Olándì ló ń lọ ní gbogbo ilẹ̀ Jáfà. Ọdún kẹfà nìyẹn tí wọ́n ti pàṣẹ pé kí wọ́n gé igbó orí Òkè Petung, kí wọ́n gbin kọfí síbẹ̀. Àwọn àgbà ní gbòǹgbò igi ńláńlá wọ̀nyẹn ló di òkè mú, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ tàgbà níwájú àṣẹ ọba òyìnbó? Wọ́n gé e. Lọ́dún yìí, òjò rọ̀ fún ogúnjọ́ láìdá. Kasirah ń ká kọfí lọ́wọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rì dé orókún. Ilẹ̀ ti là. Ó là láti ìpẹ̀kun oko kan dé èkejì, ẹnu rẹ̀ sì ń fẹ̀ sí i lójoojúmọ́. Omi ìsun tí abúlé ń mu di ẹrẹ̀ pọ́ńbélé.

"Bàbá Wiji, kí lẹ máa kọ́kọ́ sọ?" Kasirah bi í lójú ọ̀nà.

"Màá ní, 'Olúwa mi, òkè ti là. Ẹ jẹ́ kí n kó àwọn èèyàn mi kọjá odò títí òjò á fi dá.' Ṣé kò dáa bẹ́ẹ̀?"

"Ó dáa. Ẹ ṣáà má lọ́ ọ po."

"Èmi? Ìgbà wo ni mo lọ́ ọ̀rọ̀ po rí?"

"Ọjọ́ tẹ́ ẹ wá tọrọ mi. Ìyàwó lẹ wá fẹ́, ọ̀rọ̀ ẹfọ̀n lẹ ń bá bàbá mi sọ títí oòrùn fi wọ̀."

Ranudipa bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ìkẹyìn tí Kasirah gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Gbọ̀ngàn Demang kò lógiri, òpó igi tíìkì tó ń dán gbinrin ló gbé òrùlé rẹ̀ dúró. Demang fúnra rẹ̀ jókòó lórí àga, ẹ̀wù ṣẹ́dà olówùú wúrà lọ́rùn rẹ̀, ó ń jẹ ewé siri bí ẹni ń jẹ obì, ètè rẹ̀ pupa yòò. Òun ló ń ṣàkóso abúlé méjìdínlógún fún òyìnbó. Ranudipa lóṣòó, ó ń wọ́ bọ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ síwájú orí. Kasirah jókòó sídìí àtẹ̀gùn tòun ti adìẹ.

"Ranudipa! Baálẹ̀ olókè! Ṣé àlàáfíà lẹ wà?"

"Àlàáfíà ni, olúwa mi."

"Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí òyìnbó alábòójútó dé o. Baálẹ̀ Karangjati wá síbí lánàá, ó ní ejò pọ̀ lóko òun, àwọn èèyàn òun ò lè ká kọfí. Mo ní, 'Ṣé ejò náà ti ń mu kọfí ni?'" Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Mo ti yọ ọ́ lóyè. Ìwọ ńkọ́? Ejò ò sí lóko tìẹ?"

Ranudipa la ẹnu. Kasirah rí i tó tún tẹrí ba.

"Kò séjò, olúwa mi."

"Kí ló wá gbé ọ wá nínú òjò?"

"Mo ní kí n wá kí yín ni. Adìẹ méjì rèé."

Kasirah gbé adìẹ wá. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu tirẹ̀ náà, ó sún mọ́ Demang tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń gbóòórùn siri. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó fẹ̀yìn rìn padà síbi tó ti wá.

Wọ́n ti rìn jìnnà kí Ranudipa tó sọ̀rọ̀. "Lọ́la, ẹ̀yin obìnrin á ru kọfí tó ti gbẹ lọ sílé ìkẹ́rù. Bí ẹ bá ti dé, màá kó gbogbo ilé kọjá odò. Demang ìbáà fẹ́, ìbáà kọ̀."

"Ẹ kó wọn láàárọ̀."

"Ta ló máa wá ká èyí tó pọ́n lórí igi?"

Kasirah ká ìró rẹ̀ sókè, ó ń wọ́ ẹrẹ̀ lọ.

Ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ kejì, àwọn obìnrin náà ti gun òkè òdìkejì odò nígbà tí wọ́n gbọ́ ìró kan. Kì í ṣe ààrá. Ó dà bí ẹgbẹ̀rún ẹfọ̀n tó ń sáré lórí afárá pákó. Wọ́n bojú wẹ̀yìn. Òkè Petung ń rìn. Igi kọfí dúró ṣánṣán lórí ìlà wọn, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ìgbà tí èèyàn ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Wọ́n rí òrùlé mọ́ṣáláṣí abúlé wọn. Wọn ò rí i mọ́. Kò tó àkókò tí èèyàn fi ń gbé òkèlè mì.

 Wọ́n dúró, òjò ń rọ̀ lé wọn lórí.

"Ẹ gbẹ́rù yín," ni Kasirah wí. Wọ́n sì gbé e. Kò sẹ́ni nínú wọn tó lè sọ ìdí rẹ̀ títí wọ́n fi kú. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìkẹ́rù, akọ̀wé bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n pẹ́.

"Òkè ya," ni Kasirah dáhùn.

"Ẹ̀yin ará òkè! Àwáwí yín ò tán láéláé. Ẹ kó o síbí."

Ọjọ́ méje ni wọ́n fi wa ilẹ̀. Wọ́n rí ilẹ̀kùn kan. Wọ́n rí ẹfọ̀n kan. Wọn ò rí Ranudipa, wọn ò rí Wiji.

Ní oṣù kejì lẹ́yìn náà, ilé ẹjọ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ òkè tó ya. Àáfà gbé Kùránì sókè orí Kasirah kí obìnrin náà fi búra. Demang jókòó sí ẹ̀gbẹ́ adájọ́ òyìnbó, kò wo ojú rẹ̀. Ògbufọ̀ bi í pé, "Ìyá, ṣé ọkọ yín sọ fún Demang pé ilẹ̀ là?"

Ó mọ̀ pé bí òun bá ní bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ ni, bí òun bá sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́, orí òkú ni ẹ̀bi máa já lé. Ó wá inú ara rẹ̀ bóyá òun á rí ìbínú tàbí ẹ̀rù níbẹ̀. Kò rí nǹkan kan.

"Ó lọ kó lè sọ ọ́," ni ó wí. "Kò sọ ọ́. Mo wà níbẹ̀. Èmi náà ò sọ ọ́."

Adájọ́ kọ̀wé. Ó ní ẹ̀bi baálẹ̀ ni. Tíì tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ kò tíì tutù tí ẹjọ́ fi parí.

"Wọn ò ní bi mí nídìí tí kò fi lè sọ ọ́?" Kasirah bi ògbufọ̀.

"Ìyá, ìbéèrè yẹn ò sí nínú ìwé wọn."

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìlú pẹ̀tẹ́lẹ̀, ó ń hun ẹní. Kò lọ́kọ mọ́. Lẹ́yìn ọdún tó lé ní ogún, àrùn kan dé, ó mú ewé kọfí pupa bí irin tó dógùn-ún, oko kú láti òkè dé òkè, òyìnbó sì dáwọ́ fífipá mú èèyàn gbin kọfí dúró ní agbègbè náà. Àwọn obìnrin àdúgbò jó yí ilé ká. Wọ́n ní kí Kasirah wá jó. Ó ní ẹní òun ò tíì parí.

Ọdún yẹn náà ni bàbá oníyọ̀ kan kiri dé iwájú ilé rẹ̀. Durakim ni, tó máa ń gbé iyọ̀ gun òkè nígbà kan, kí ó tó di pé ó lọ gbé létí òkun. Ó dúró, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Ìyá Wiji! Àbí ìwọ kọ́ ni?"

Kò sẹ́ni tó ti pè é bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ náà wá. Ó gbé ọ̀bẹ tó fi ń la ewé ẹní sílẹ̀.

"Mo wá ọ̀nà Watulawang títí, n ò rí i," ni Durakim ń wí. "Igbó ti bò ó. Baálẹ̀ ńkọ́? Ọmọdébìnrin yẹn, tó máa ń lá iyọ̀ mi bí ewúrẹ́ ńkọ́? Á ti dìyá ọlọ́mọ."

"Wọ́n wà níbẹ̀," ni Kasirah wí. "Gbogbo wọn wà níbẹ̀."

"Bá mi kí wọn o."

"Wọ́n á gbọ́."

Kasirah na igbá sí i, kí ó bu iyọ̀ sínú rẹ̀.