Ẹni Tí Ẹ̀yìn Rẹ̀ Nìkan Là Ń Rí

Dúró ná. Ìwọ tí o ń sáré kàwé, tí ojú rẹ ti dé ìsàlẹ̀ kí o tó mọ ohun tó wà lókè, mo ní kí o dúró. Gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ sílẹ̀ kí o gbọ́ mi yékéyéké. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe àgbọ́sọ. Ojú mi ló ṣe, egungun èjìká mi tó kán sì ń jẹ́rìí sí i nígbàkígbà tí òjò bá fẹ́ rọ̀.

Ìbọ̀sẹ̀ àbúrò mi ni mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí. Ìbọ̀sẹ̀ dúdú ni, ó lọ gun kẹ̀kẹ́ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ó sì dé pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ dúdú. Ní Lasfont níbí, abúlé wa lẹ́bàá òkè, kò sí ẹni tí ìyẹn ń ṣẹlẹ̀ sí. Òkúta wẹ́wẹ́ funfun ni wọ́n dà sójú ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ nígbà tí wọ́n hú irin rẹ̀ kúrò. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kankan kì í gba ibẹ̀, àfi ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́, eruku ibẹ̀ sì máa ń sọ gbogbo wa di oníyẹ̀fun.

Judith ni orúkọ mi. Gédéon ni àbúrò mi, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo tó kù. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, tí a bá ti jáde nínú ìsìn, a ó jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú wàràkàṣì ewúrẹ́ lẹ́yìn ilé ìjọsìn, a ó sì bọ́ sórí kẹ̀kẹ́, èmi, Gédéon, Numa tó ń ṣe búrẹ́dì, àti àwọn mélòó kan nínú ìjọ. Afẹ́fẹ́ àríwá máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ojú gan-an ló sì máa ń gbá wa. Nítorí náà, a máa ń tò tẹ̀lé ara wa, táyà ẹnì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan táyà ẹnì kejì. Ẹni tó wà níwájú ló ń jẹ ìyà afẹ́fẹ́ fún gbogbo wa. Tó bá rẹ̀ ẹ́, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á bọ́ sẹ́yìn, ẹni tó tẹ̀ lé e á gbà á. Ẹni tó wà lẹ́yìn kì í wo iwájú. Táyà tó wà níwájú rẹ̀ ló ń wò. Bí kòtò bá wà, ẹni iwájú á fi ọwọ́ tọ́ka sí i. Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ìwàásù nípa ìfẹ́ ará, ṣùgbọ́n orí kẹ̀kẹ́ ni mo ti rí i pẹ̀lú ojú mi.

Ẹ̀yìn pátápátá ni Gédéon máa ń wà, nítorí ọkàn rẹ̀ kò lágbára. Nígbà tí Noémie ìyàwó rẹ̀ kú ní ìparí ìgbà òtútù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá gun kẹ̀kẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé iwájú ilé búrẹ́dì lọ́jọ́ yẹn, tí kò làágùn, tí ìgò omi rẹ̀ sì kún bó ṣe kún nígbà tó ń lọ.

Numa bú sẹ́rìn-ín. "Gédéon! Ìwọ tí ò ń mí bí ewúrẹ́ oníkọ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi! Ẹ yẹ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wò fún mi o, bátìrì wà níbì kan níbẹ̀."

"Mo bá ẹnì kan pàdé lọ́nà ni," Gédéon dáhùn. "Mo tẹ̀ lé táyà rẹ̀."

"Ta ni?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Ojú rẹ̀ ńkọ́? Báwo ló ṣe rí?"

Àbúrò mi ronú díẹ̀. "Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí."

"Kò yà kí o bá a gba iwájú?"

"Kì í yà. Kì í rẹ̀ ẹ́."

Numa tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pẹ́ nínú rẹ̀.

Mo tẹ̀ lé Gédéon délé. Mo rọra bá a sọ̀rọ̀ nídìí ààrò. Mo ní, "Gédéon, má tẹ̀ lé ẹni yẹn mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Láti ìgbà ikú yẹn, tí mo bá jí, bàtà mi pàápàá ń wúwo lẹ́sẹ̀ mi. Lẹ́yìn ọkùnrin yẹn, kò sí nǹkan tó wúwo."

"Ikú Noémie," ni mo wí.

Ó wò mí bí ẹni pé mo dárúkọ ará àdúgbò kan tí òun kò mọ̀ dáadáa. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo sì sọ ọ́ sókè kí ohun yòówù tó ń gbọ́ lè gbọ́: "O ò ní mú un. Mo wà láàyè, Olúwa mi sì wà láàyè. O ò ní mú un."

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, afẹ́fẹ́ le. Numa ló wà níwájú nígbà tí a wọ inú ihò tó gba abẹ́ òkè kọjá. Omi ń kán láti òkè, a ń gbọ́ èémí ara wa. Nígbà tí a jáde sínú oòrùn, ọkùnrin kan tó wọ aṣọ aláwọ̀ eérú ti wà níwájú Numa. Kò sí ẹni tó rí i kó kọjá. Numa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní òtútù kan ló bọ́ sí òun láyà. Àwọn yòókù dúró tì í. Gédéon nìkan ló bọ́ sẹ́yìn aláṣọ eérú náà, èmi sì bọ́ sẹ́yìn Gédéon.

Afẹ́fẹ́ dá. Ariwo òkúta lábẹ́ táyà dá. Àwọn ìrẹ̀ tó ń ké nínú koríko dákẹ́. Òórùn eérú ààrò tó ti pẹ́ tí wọ́n ti dáná kẹ́yìn gbòde, ẹsẹ̀ mi sì ń yí bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń bá mi wà á. Ó dùn. Mi ò ní tàn yín, ó dùn. Ìrora orúnkún mi lọ. Ìdààmú lọ. Lẹ́yìn náà, mo fẹ́ rántí orúkọ ọkọ mi tó wà nínú ilẹ̀, mi ò rí i.

Ìbínú tó bí mi lẹ́yìn ìyẹn, Ọlọ́run ló fi sí mi nínú. Mo jà títí mo fi fa orúkọ náà jáde. "Samuel!" ni mo ké. "Samuel ni! O ò ní gbà á lọ́wọ́ mi!"

A ti dé ìyànà. Lápá ọ̀tún ni ọ̀nà tí gbogbo wa ń gbà lọ sí odò. Lápá òsì ni ojú irin àtijọ́ tó lọ sórí afárá gíga, èyí tí àgbàrá gbé àárín rẹ̀ lọ nígbà tí bàbá wa wà lọ́dọ̀ọ́. Igi tí wọ́n fi dí ẹnu rẹ̀ ti jẹrà wó. Aláṣọ eérú na ọwọ́ sí òsì. Gédéon, tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára táyà, yà sí òsì.

Mo fa kẹ̀kẹ́ mi jáde sínú afẹ́fẹ́. Ó gbá mi létí, omi dà lójú mi, òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lábẹ́ mi, mo sì dúpẹ́ fún ariwo náà. Mo wa kẹ̀kẹ́ náà bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Mo kọjá Gédéon. Mo dé ẹ̀gbẹ́ ọkùnrin náà, mo yíjú kí n lè wo ojú rẹ̀.

Ìpàkọ́ ni mo rí. Mo tún sáré síwájú sí i, mo bojú wẹ̀yìn. Ìpàkọ́ náà ni, pẹ̀lú irun orí ọrùn àti kọ́là ẹ̀wù. Kò ní iwájú. Kò sí ojú níbì kankan lára rẹ̀ tó lè fi ríran. Nígbà náà ló yé mi pé ẹni tó ń ṣe atọ́nà wa kò mọ ibi tí òun ń lọ, kò sì ní bìkítà.

"Ní orúkọ Jésù, ọmọ ìyá mi kò ní tẹ̀ lé ọ!"

Mo jẹ́ kó kọjá lára mi, mo tẹ bíréèkì, mo sì fi kẹ̀kẹ́ mi dábùú ọ̀nà láàárín òun àti Gédéon.

"Yà fún mi, ìyá yìí!" Àbúrò mi ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, kò dá mi mọ̀.

"Mi ò yà! Tí o bá fẹ́ gbá mi, gbá mi!"

Ó gbá mi. Mo gbọ́ egungun mi tó kán. Àwa méjèèjì ṣubú sórí òkúta, ibi tí ilẹ̀ ti parí kò sì jìnnà sí orí wa. Ohun aláṣọ eérú náà kò dúró. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ lórí òfìfo, ó ń fi ọwọ́ tọ́ka sí kòtò níbi tí kò sí ilẹ̀, títí a kò fi rí i mọ́.

Gédéon bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́ eruku. Lẹ́yìn náà ló ké, "Noémie! Noémie o!" Ó dì mọ́ mi. "Ó wúwo, ẹ̀gbọ́n mi."

"Jẹ́ kó wúwo. A ó jọ gbé e ni."

Numa dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ṣé ẹ ti para yín tán? Mo ní kí ẹ jẹ́ ká jókòó jẹun…" Ilẹ̀ ló ń wò. Ipa táyà tèmi hàn lórí òkúta láti ìyànà. Ti Gédéon kò sí níbẹ̀, àfi níbi tó ti gbá mi.

Wọ́n ní kí n fi ọ̀nà náà sílẹ̀. Mo kọ̀. Ọlọ́run ló ni òkè, ẹ̀gbin kan kò lè gba ilẹ̀ baba mi lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo ń wà níwájú báyìí, mo sì ń kọrin sínú afẹ́fẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pàdé àwọn ará ìlú ńlá tí wọ́n tò ní ìlà gígùn. Mo kí wọn, kò sí ẹni tó dáhùn. Mo ké mọ́ wọn títí obìnrin kan fi gbójú sókè, tó bọ́ kúrò nínú ìlà, tó sì jókòó sílẹ̀ tó ń sunkún. Àwọn yòókù kọjá lọ síhà òsì. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́ aṣọ ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ìwọ náà ńkọ́? Bí ohun tí o ń tẹ̀ lé bá ti mú gbogbo nǹkan fúyẹ́, títí tí orúkọ àwọn tí o fẹ́ràn fi ń sá kúrò lẹ́nu rẹ, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, gbé ojú rẹ sókè, bọ́ jáde sínú afẹ́fẹ́, kí o sì yà sí ọ̀tún nísinsìnyí.